Ẹ̀yìn Apá Tsiala

Lábẹ́ ilé alájà márùn-ún kan ní Kutaisi,
níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún pamọ́ sí láyé àtijọ́,
la ti ń gbé irin, àwa ọmọkùnrin mẹ́fà.
Dígí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́,
iwájú apá wa nìkan la sì ń wò nínú rẹ̀.
A ó ká apá, iṣan á yọ gọngọ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ra,
a ó fi han ara wa, a ó rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Tsiala wọlé,
ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin,
pẹ̀lú ìborí dúdú àti sálúbàtà ilé.
Orí yìnyín ló ti yọ̀ ṣubú nínú oṣù Kejì,
ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún fọ́ bí ìkòkò.
Nígbà tí wọ́n tú ẹfun tí wọ́n fi dì í,
ẹran ẹ̀yìn apá ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀,
àpò tí wọ́n ti da àgbàdo inú rẹ̀.

Alábúrẹ́dì ni.
Inú ilẹ̀ ni ààrò wọn wà, amọ̀ ni, ó jìn bí kànga.
Ẹni tó máa lẹ búrẹ́dì mọ́ ògiri rẹ̀
á tẹ̀ wọnú ooru títí dé ìbàdí,
á na apá tán,
á fi ọwọ́ kejì ti ara rẹ̀ jáde kó tó jóná.
“Kì í ṣe gbígbé,” ló wí, “títì ni, nínà ni.
Apá mi ò nà mọ́.”
Wọ́n ní ọwọ́ àgbà ò wọ akèrègbè;
ti Tsiala gbọ́dọ̀ wọ iná.

Badri olùkọ́ wa, tó ja gídígbò títí etí rẹ̀ fi kákò bí olú,
kílò kan ààbọ̀ péré ló fi lé e lọ́wọ́.
Ó fìka tọ ẹ̀yìn apá náà:
“Iṣan ibí yìí, olórí mẹ́ta ni.
Iwájú ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí” (ó wo ọ̀dọ̀ wa)
“ẹ̀yìn la fi ń dìde lórí àga.”

Ó ní kó gbé irin gòkè orí,
kó rọra sọ̀ ọ́ sẹ́yìn ọrùn, bí ẹni sọ korobá sí kànga,
kó tún nà án.
Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì, ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà,
kó ti ọwọ́ sẹ́yìn, bí adìyẹ tó fẹ́ fò
tó wá rántí.
“Má jẹ́ kí èjìká bá a ṣiṣẹ́!”
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ.
Apá ń gbọ̀n bí ewé kókò,
Tsiala ń bá irin wí bí ewúrẹ́ alágídí.

Kílò kan ààbọ̀ di méjì.
Nígbà tí èso àjàrà pọ́n, ó di mẹ́ta.
Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀,
èmi tí mò ń fi iwájú apá gbé ogún
mú mẹ́wàá, mo sọ ọ́ sẹ́yìn orí.
Apá mi ò ká a.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ ò tíì mọ́,
a tò sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì rẹ̀.
Ó tẹ̀ wọlé. Àkọ́kọ́ já bọ́ sínú eérú.
Ó bú Badri, ó bú yìnyín, ó bú àwa náà.
Ìkejì lẹ̀ mọ́ amọ̀, gbàmù,
ó sì ti ara rẹ̀ jáde, ojú pọ́n bí ẹyin iná.

“Ẹ fọwọ́ kàn án.”
Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ,
àmọ́ nísàlẹ̀, díẹ̀ ṣì ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ.
“Ìyẹn,” ló wí, ó ń nu ìyẹ̀fun sára aṣọ,
“ti ọjọ́ orí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa mì.”